Ohun Tí Dísìkì Kò Gbà

Gígábáìtì méjì ni gbogbo ààyè tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Àlòkù ni, Kútọnu ló ti wá, ó sì gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lábẹ́ àpò ìrẹsì bí ẹni tó jalè. Lónìí, fóònù tí ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe géèmù ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn ológun ṣì wà lórí oyè, owó oṣù àwa tísà ń wá nígbà tó bá wù ú, epo bẹntiróòlù sì ti di ohun tí èèyàn ń fi àdúrà wá. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé láti Ìjánikin dé Ọ̀tọ̀ kò pọ̀ rárá. Mo wà lára wọn, mo sì ń fi í yangàn.

Ilé-ìwé girama kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Iṣẹ́ ló gbé mi dé etí òkun. Ní òpin ọ̀sẹ̀, màá gbé kámẹ́rà fídíò ńlá lé èjìká, màá lọ ya ìṣílé, ìsìnkú, ọjọ́ ẹ̀bùn ilé-ìwé, màá sì gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálé wá gé. Gígé yìí ni wàhálà. Bí mo bá da fídíò láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú dísìkì, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló máa gbà, kò ní gba ọ̀kan lé e. Kó tó gba ìyẹn gan-an, mo ti yọ gbogbo géèmù kúrò, mo ti yọ àwòrán, mo ti yọ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń ṣe é: màá da ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún sínú rẹ̀, màá gé e, màá gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, màá pa ohun tó wà nínú dísìkì rẹ́, màá sì tún da òmíràn sí i. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ó di kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí. Iná sì máa ń lọ.

Iṣẹ́ onísùúrù ni, èmi kò sì ní sùúrù. Ìyá mi máa ń sọ pé oṣù méje péré ni mo lò nínú òun, pé mi ò lè dúró kí ó pé mẹ́sàn-án. Mi ò kì í jókòó tì í bó ṣe ń dà sínú dísìkì. Màá dìde, màá wo ojú fèrèsé, màá gbálẹ̀ tí mo ti gbá, màá tún padà wá wo iye tó kù. Bó ṣe pẹ́, mo kórìíra ohunkóhun tó bá ń jẹ ààyè. Ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tó ń tún fìlà ṣe, ẹni tó ń kí gbogbo ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ohun tó gbé e wá, afẹ́fẹ́ ni mo ń pe gbogbo wọn. Ó dé ibi pé bí ọ̀gá ilé-ìwé wa bá ń gbàdúrà láàárọ̀, ìka mi á máa gé e lábẹ́ ìwé tí mo dì mọ́ra.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni obìnrin kan wá bá mi lábẹ́ igi àgbọn ilé-ìwé. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ń ṣòwò láàárín Sẹ̀mẹ̀ àti Àgbádárìgì, Gùn ni, àwọn tí àwa ń pè ní Ègùn, abúlé wọn sì wà létí ọ̀sà lápá Ìkógà. Ó ju mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nítorí pé mo jẹ́ tísà ọmọ rẹ̀, “ẹ” ló ń pè mí.

Ó ní òun ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ náà wà lára àwọn aṣíwájú akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ́de tako ìjọba, àwọn sójà sì ń wá a. Wọ́n dé ilé bàbá rẹ̀, wọn kò bá a, wọ́n bá gbé bàbá lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tì í mọ́lé, wọ́n lù ú débi pé orúnkún rẹ̀ kò tọ́ mọ́ títí di òní. Láàárín ìgbà náà ni wọ́n lọ ká ọmọ mọ́ oko àgbọn tó sá pamọ́ sí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó bẹ́ sínú ọ̀sà, ó sì gba ibẹ̀ sá dé Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ẹnubodè. Láti ọjọ́ náà, bàbá kò dárúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ níwájú bàbá, ńṣe ni bàbá máa ń dìde, tòun ti orúnkún dídùn.

“Inú ń bí i sí i nítorí ìyà tó jẹ,” obìnrin náà wí. “Gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti ránṣẹ́ báyìí pé òun ń lọ sí Gàbọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi máa gbé wọn ní Kútọnu lóṣù yìí. Ó ní bí bàbá bá fẹnu ara rẹ̀ pe òun, òun á padà sílé, torí wọ́n ní àwọn sójà fẹ́ẹ́ lọ. Bí bàbá ò bá pe òun, ó dìgbà.”

“Bàbá ńkọ́?”

“Ó gbà. Tísà, mo bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbà. Kò mọ̀wé kọ, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá a kọ ọ́. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé Àjàṣẹ́. Èmi ni mo ní kí á yà á sí fídíò, kí àbúrò mi rí ojú rẹ̀.”

Ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan, ọ̀kan ṣoṣo, torí kásẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀wọ́n. Ó ní ohun kan wà tí òun fẹ́ kí n ṣe. Bàbá òun kò lè sọ̀rọ̀ kó má bú àwọn sójà, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá sójà kan wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tó ní ẹ̀rọ fídíò lọ́fíìsì, tó sì máa ń wo kásẹ́ẹ̀tì tó bá rí nínú ẹrù èèyàn. Kí n bá òun yọ gbogbo èébú kúrò. Ọjọ́ Ẹtì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni òun máa wá gbà á, torí òun máa kọjá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní kò sí wàhálà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé-ìwé, mo gun ọ̀kadà, mo wọ ọkọ̀ ọ̀sà, mo dé abúlé wọn. Obìnrin náà ti lọ sí ọjà Sẹ̀mẹ̀, bàbá nìkan ni mo bá, ó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ àtíbàbà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo kámẹ́rà mi yíká.

“Tísà, ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ Gùn?”

“Gbogbo èdè ló ń gbọ́, bàbá. Èmi tó gbé e dání ni mi ò gbọ́.”

“O ò gbọ́ rárá?”

“Mi ò gbọ́, sà. Bí ẹ ṣe ń sọ ‘ẹ káàbọ̀’ nìkan ni mo mọ̀.”

Ó mi orí, ó sì tún aṣọ rẹ̀ wé mọ́ra. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gùn, ó wolẹ̀, kò wo kámẹ́rà. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka nǹkan tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó tún ń relẹ̀, títí ohùn náà fi relẹ̀ débi pé mo fẹ́ máa rò pé bátìrì ló ń kú. Ó dákẹ́. Ó fi etí aṣọ nu ojú. Mo rò pé òógùn ni. Mo wo aago kámẹ́rà: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti lọ, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ara ti ń ta mí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ ọ́ ní Yorùbá díẹ̀,” ni mo wí, “kí n lè mọ ibi tí mo máa gé.”

 Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá nítorí tèmi. Ó ní òrùlé ń jò. Ó ní igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé ti so, kò sí ẹni tó lè gùn ún. Ó ní ọkọ̀ òun ti jẹrà létí omi. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun fi sùn lórí sìmẹ́ńtì nítorí ọmọ òun, pé orúnkún òun kò jẹ́ kí òun gbàgbé. Láàárín gbogbo rẹ̀ ló ti ń bọ́ sórí àwọn sójà, èébú náà sì tó ogún ìṣẹ́jú gbáko, láti orí ọ̀gá wọn pátápátá títí dórí ẹni tó ń pọn omi fún wọn. Ìyẹn dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ó tán.”

Ọjọ́bọ̀ kò sí iná. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìgbà tí mo ti ilé-ìwé dé ní ago méjì ọ̀sán ni iná tó dé. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí mo bá yọ èébú kúrò, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kù jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ Gùn jẹ́ mẹ́sàn-án. Àpapọ̀ rẹ̀ ju dísìkì lọ. Ká ní kásẹ́ẹ̀tì méjì ni, kò sí ọ̀rọ̀: màá gbé apá kìíní kọjá, màá pa á rẹ́, màá gbé apá kejì. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni mo ti fẹ́ mú un jáde tí mo sì fẹ́ dá a padà sí. Tí mo bá fi lè kọ nǹkan lé e lórí, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ̀rọ mi kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín kásẹ́ẹ̀tì, àti orí ló ti ń gbà á. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ kó kù gbọ́dọ̀ wà nínú dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lórí pẹpẹ mi. Ọjọ́ tí ìyá mi wá kí mi láti Èkìtì ni mo yà sínú rẹ̀: ó ń gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá mi jà pé mo rù. Mo mú un lọ́wọ́: bí mo bá fi ṣe kásẹ́ẹ̀tì kejì, iṣẹ́ náà á pé, ṣùgbọ́n ìyá mi á parẹ́. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo dá a padà sórí pẹpẹ. Iná wà nílé, ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó máa lọ, agogo mẹ́rin sì ń bọ̀. Mo wo bàbá lójú tẹlifíṣọ̀n, ó wolẹ̀, ó ń sọ Gùn rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìkíni ni. Ta ni kò mọ bí àgbà ṣe ń kí èèyàn? Èmi tí mo máa ń kúnlẹ̀ fún ìyá mi, tí màá kí i kí ilé, kí i kí oko, kí n tó bi í bóyá oúnjẹ wà, èmi ni mo pe ìkíni ní afẹ́fẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún wọlé, iná kò lọ, mo gé èébú kúrò láìjẹ́ kí ojú rí ibi tí mo gé. Mo gbà á padà sí orí kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì pa ìyókù rẹ́ títí dé òpin, kí ọmọ náà má baà rí àjẹkù. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Inú mi dùn nígbà tí obìnrin náà wá gbà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì sí i, ó tún dé ilé-ìwé, ó fi ọ̀rá wé kásẹ́ẹ̀tì náà. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi.

“Àbúrò mi wò ó lẹ́ẹ̀mejì,” ó wí. “Ó ní kí n sọ fún bàbá pé òun ti gbọ́. Ó ti san owó ọkọ̀. Ọjọ́ Àìkú yìí ni wọ́n ń lọ. Tísà, kí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí?”

A jọ lọ sílé mi, mo gbé e sínú ẹ̀rọ. A wo bàbá: òrùlé ń jò, ọkọ̀ ti jẹrà, ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí sìmẹ́ńtì nítorí tìẹ. Ó tán. Nígbà tí mò ń gé e, ọ̀rọ̀ ilé lásán ni mo gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́ ohun tí ọmọ náà gbọ́: bàbá tó ń ka ẹ̀sùn sí ọmọ lọ́rùn, kò kí i, kò pè é, kò ní kó máa bọ̀.

“Mlanmlan dà?” obìnrin náà bi mí.

Mo ní kí ni mlanmlan. Ó ní bí àwọn Gùn ṣe ń ki èèyàn ní oríkì ìdílé rẹ̀ nìyẹn, láti orí ẹni tó tẹ ìdílé náà dó títí dé orí rẹ̀. Bí àgbà bá kì ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti gbà ọ́ mọ́ra. Kò sí ìjà tó kù lẹ́yìn rẹ̀. “Bàbá sọ fún mi pé òun ki mlanmlan ọmọ òun,” ó ní. “Ó ní òun ki mlanmlan náà tán, òun pè é, òun sì sọ ohun tó yẹ kí òun sọ. Kò sí níbí.”

Ojú tì mí. Mo kọ́kọ́ sọ pé dísìkì ló kéré.

“Kí ló ń jẹ́ dísìkì?”

Mo ṣàlàyé fún un. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí létí ara mi, mo sì dákẹ́ láàárín rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, mo sì fi tẹrú jẹ́ ẹ. Mo ní, “Èmi ni mo gé e. Mi ò gbọ́ Gùn, mo sì rò pé kò ṣe pàtàkì.” Obìnrin náà kò bú mi. Ó kàn jókòó, ó di ọ̀rá tó fi wé kásẹ́ẹ̀tì mú, ó ń ká a.

Mo fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé pé ara mi kò yá, irọ́ pátápátá kọ́. Lọ́jọ́rú, àwa méjèèjì dé ọ̀dọ̀ bàbá. Mo gbé kámẹ́rà, mo sì gbé kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi dání láti fi ya ohun tí bàbá bá fẹ́ sọ. Obìnrin ni mí, ìkúnlẹ̀ ni tèmi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo sì jẹ́wọ́. Bàbá kò pariwo. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá kò sí níbikíbi mọ́, nínú kásẹ́ẹ̀tì tàbí nínú ẹ̀rọ, mo ní kò sí.

“Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi,” ọmọ rẹ̀ obìnrin wí. “Màá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́la.”

“Rárá.”

“Ẹ jẹ́ kí n tún un yà nígbà náà, sà,” ni mo wí. “Kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ̀rọ ẹ kò tún ní gbọ́ ọ mọ́.” Ó nawọ́ sí mi. “Ẹni tó gé e ni yóò gbé e lọ. Ẹnu rẹ ni wàá fi gbé e. Jókòó.”

Ọmọ rẹ̀ rò pé ìyà ni bàbá fi ń jẹ mí, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kó máa lọ sọ́jà rẹ̀. Ó lọ. Mo yọ bírò àti ìwé jáde, bàbá ní kí n dá wọn padà sínú báàgì, pé ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré. Ọ̀sán Ọjọ́rú àti gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni a lò.

Mo rò pé mo mọ ohun tí àìnísùúrù ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kú, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń dìde, bàbá ń ní kí n jókòó. Ọkàn mi wà ní Kútọnu, ní etí ọkọ̀ ojú omi, mo ń ka ọjọ́ tó kù. Bí mo bá bèèrè pé kí ni gbólóhùn kan túmọ̀ sí, á ní kò kàn mí. Mlanmlan náà kò le jù. Ó ní ìró tirẹ̀ bí oríkì wa, bí o bá mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á fà ọ́ lọ sí ìparí. Apá tó kẹ́yìn ló yọ mí lẹ́nu, láti ibi tó ti ní “vi ṣie”, ìyẹn “ọmọ mi”. Kò ní ìró kankan mọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, bàbá sì máa ń kánjú sọ ọ́, á fi sínú irùngbọ̀n. Mò ń ṣì í. Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Mo tún ṣì í. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè níbẹ̀, kò wọlé sí mi létí.” Ó gbé ohùn sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo kà á láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣìnà, ó sì ní kí n máa lọ.

“Ìwọ àti òun nìkan ni kó wà níbẹ̀,” ó wí. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá, kó dúró síta.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti obìnrin náà gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Mi ò rí ẹni tó ń ṣẹ́ owó, mi ò gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́kadà ń pariwo. Mò ń ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láìdákẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, yóò jábọ́. Aṣọ́bodè kan bi mí pé kí ni mò ń sọ. Obìnrin náà dá a lóhùn pé àdúrà ni mò ń gbà, pé ìyá mi ń ṣàìsàn. Ó kí mi pẹ̀lẹ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọmọ náà ń gbé ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi okùn dì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi mí hàn án, ó sì jáde bí bàbá ṣe wí. Ọkùnrin tó fẹ́ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni, ó rù, ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, “Èmi ni mo gé fídíò bàbá yín. Mo gé ohun tí kò yẹ kí n gé. Òun ló ní kí n wá kà á fún yín.” Ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn mi àkọ́kọ́, torí Gùn ẹlẹ́nu Èkìtì ni. Ní gbólóhùn kejì, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kí n tó ki àwọn bàbá ńlá rẹ̀ tán, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó da ojú délẹ̀, bí ẹni pé bàbá gan-an ló dúró síbẹ̀. Kò tọ́ sí mi, mi ò sì lè ní kó dìde, torí bí mo bá dánu dúró, màá gbàgbé. Mo kà á dé “vi ṣie”. Mo ka ìyókù, díẹ̀díẹ̀, mo sì gbé ohùn sókè bí bàbá ṣe kọ́ mi. Mo tán.

Ó pẹ́ kó tó jókòó. Ó bi mí bóyá ohun tí mo sọ yé mi. Mo ní kò yé mi.

“Nígbà tó ń kọ́ yín, ta ló wà níbẹ̀?”

“Àwa méjì nìkan ni.”

Ó nu ojú. Bóyá ó rò pé ó yẹ kí ẹni tó ru ẹrù mọ ohun tó rù, mi ò mọ̀. Ó ní, “Bàbá ní òun ló júwe oko àgbọn yẹn fún àwọn sójà. Ó ní òun gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́jọ, ní ọjọ́ kẹsàn-án òun la ẹnu. Ó ní kí n dárí ji òun.”

Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì tó gbé sílẹ̀, ó tún ń ká a.

“Mo ti mọ̀,” ó wí. “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá ni mo ti mọ̀, àwa méjì nìkan la mọ ibẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo kàn fẹ́ kó sọ ọ́ fún mi.”

Ó dìde, ó jáde lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá bá òun gbé àpótí, pé ilé làwọn ń lọ. Mo gbọ́ tí obìnrin náà bú sẹ́kún. Inú mi dùn fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè dìde lórí àpótí ìjókòó tí mo wà. Mo ń rántí Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ àtíbàbà, àti gbólóhùn kan tí kò wọ̀ mí létí. Arúgbó náà yàn mí nítorí pé mi ò gbọ́ Gùn, kó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì bọ́ níbẹ̀. Mo ní kó tún un wí. Ó tó ìgbà ogún tí mo ní kó tún un wí, tí mo ń ní kó gbé ohùn sókè, ó sì ń gbé e sókè.